Igi Òrí Ìyá Mi àti Iná Oòrùn

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba ò rántí abúlé wa rí. Irọ́ ni. Ìjọba ti rántí wa kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀ láti ojú títì títí dé ẹ̀yìn mọ́sálásí, òpó gbọọrọgbọọrọ, wọ́n tò lọ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wáyà nìkan ni wọ́n gbàgbé. Mo dàgbà, mo kàwé jáde, mo di olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn, wáyà náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwa náà ò jẹ́ kí òpó ṣòfò. Ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ júwe ilé fún àlejò á ní, "Tẹ́ ẹ bá ti dé ìdí òpó tó wọ́ yẹn, ẹ yà sápá ọ̀tún." Iná ò tàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣìnà.

Inú ọ̀dàn tó wà láàárín Ìpàpó àti Òtu ni abúlé náà wà. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà là ń gbìn. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ló kù nílé, mo sì máa ń lọ wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀. Nítorí pé tíṣà ni mí, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é, bí ẹni pé òun náà gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́.

Àbúrò mi obìnrin ni agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ẹ̀yìn abúlé. Ilé náà ní fèrèsé, ó ní ibùsùn, ó tún ní àwòrán ńlá kan lára ògiri tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Iná ni kò ní. Bí aboyún bá rọbí lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, tọ́ọ̀ṣì ni àbúrò mi máa ń fi eyín dì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú kò lè pariwo "Ẹ tì í!" Ńṣe ló ń kùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé wa, ìkùn yẹn ni ohùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ láyé. A máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí tọ́ọ̀ṣì kú mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tí orí ọmọ ti yọ. Ọwọ́ ló fi táràrà parí iṣẹ́ náà. Ọmọ yè, ìyá ọmọ yè, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi jókòó ti oúnjẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì lè jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀fẹ̀ yẹn ti kúrò lẹ́nu mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn olóore dé.

Àwọn olóore ni mo ń pè wọ́n nítorí pé orúkọ iléeṣẹ́ wọn gùn ju kí n máa kọ ọ́ lọ. Jíìpù ni wọ́n gbé wá, ó sì pọ̀ díẹ̀. Wọ́n ò pa ẹ́ńjìnnì wọn títí ìpàdé fi parí, kí atẹ́gùn tútù inú rẹ̀ má baà sá lọ sínú oko. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kan kalẹ̀ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè fi bá wa sọ̀rọ̀ nípa ewu jẹnẹrétọ̀. Ibi tí ibòòji ti pọ̀ jù lọ ní abúlé wa ni wọ́n tẹ́ àga sí, ìyẹn abẹ́ igi òrí ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi yìí. Igi òrí kì í ṣe igi tí ènìyàn ń gbìn. Òun ló ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn, ẹni tó bá ń ṣán oko á sì dá a sí. Ó máa ń pẹ́ kó tó so, débi pé ẹni tó bá rí i nígbà tó hù lè má jẹ nínú èso rẹ̀. Ní ilé wa, ọkùnrin ló ni ilẹ̀, obìnrin ló ni igi òrí. Ẹni tí a bá yá nílẹ̀ lè kọ ebè yí igi náà ká títí ayé, kò gbọdọ̀ ṣa kóró kan nídìí rẹ̀. Ìyá bàbá mi ló fa igi yìí lé ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tó wọlé bí ìyàwó, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló sì fà á lé òun náà lọ́wọ́. Igi òrí àwọn ìyàwó ilé tó kù ti di èédú tipẹ́tipẹ́, àwọn ọkọ wọn ló tà á fún àwọn asunèédú. Ti ìyá mi nìkan ló ṣẹ́kù nítòsí.

Òrí igi náà ló rán èmi àti àbúrò mi níwèé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìyá mi fi ń yangàn. Ohun tó fi ń yangàn ni pé kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé wa tí òrí òun ò kan ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi kàn-ìnkàn wẹ ọmọ tuntun tán, wọn á ránṣẹ́ sí i, á bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, á rọra fi ra ọmọ náà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á máa ki í. A kì í ra òrí ọmọ tuntun lọ́jà ní ọ̀dọ̀ wa. Inú ilé la ti ń bù ú.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀. Ọ̀gá àwọn olóore, ọkùnrin kan tó dé akoto tuntun, dìde, ó ní ayé ń gbóná. Mo túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa tí à ń làágùn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ náà gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó ní kábọ́ọ̀nù ló fà á. Ibẹ̀ ni mo ti dúró díẹ̀. Kí ni kí n pe kábọ́ọ̀nù fún Mọ́gàjí? Mọ́gàjí ni àbúrò bàbá mi, òun ni olórí ẹbí wa, kì í sì í fi ara mọ́ ohun tí kò bá lè fọwọ́ kàn. Mo ní èéfín ni, èyí tá à ń rí àti èyí tá ò rí.

Mọ́gàjí wo àwọn jíìpù tó ń tú èéfín lẹ́yìn àlejò. Ó yí ojú sí mi.

"Tíṣà, èyí tá à ń rí yìí ńkọ́?"

N ò túmọ̀ ìyẹn. Àlejò ṣáà ni wọ́n.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń dáná. A mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, níbi tí òkúta mẹ́ta wà, tí ṣùkù àgbàdo àti ẹ̀ka igi gbígbẹ ń jó lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ya ààrò náà ní iwájú, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́pàá mú olè. Ọ̀gá wọn sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn pé irú èéfín yìí wà lára ohun tó ń ba sánmà jẹ́. Ìyá mi gbójú sókè, ó wo sánmà fún ìgbà díẹ̀.

"Èmi yìí?" ló wí. "Ẹ̀wà tí mò ń sè yìí náà ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán, tírélà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣakí, ó ru àpò èédú débi pé ó ń fì bí ọ̀mùtí. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí èédú yẹn ń lọ. Èkó ló ń lọ, láti Èkó ó di òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi yan ẹran ní ẹ̀yìnkùlé tiwọn nígbà tí oòrùn bá mú díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Igi òrí ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn, igi ayán, igi irúgbá. Ọ̀gá wọn dákẹ́ kí ariwo tírélà kọjá. Nígbà tó kọjá, ó padà sórí ọ̀rọ̀ ìkòkò ẹ̀wà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Síbẹ̀, n ò ní purọ́. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mú wá, inú mi dùn. Wọ́n ní àwọn á gbé sólà kalẹ̀, èyí tó máa tó gbogbo abúlé, àwọn á fa wáyà sórí òpó tó ti wà nílẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fún níná. Àbúrò mi bo ojú mọ́ ìbòrí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń sunkún.

Mọ́gàjí fún wọn ní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, níbi tí igi òrí ìyá mi wà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, Mọ́gàjí tẹ̀ka, lẹ́mọ́ọ̀mù ṣe àdúà, gbogbo wa ní àmín. Kò sí ẹni tó dárúkọ igi. Àwọn olóore rò pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ohun tó wà lórí rẹ̀, bó ṣe rí níbi tí wọ́n ti wá. Mọ́gàjí rò pé kò sí ọmọ ènìyàn láyé tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ yàtọ̀ sí igi. Ọ̀rọ̀ tó ti yé kálukú, ta ni yóò tún máa bi ẹnìkejì léèrè? Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rín músẹ́ túká, oníkálukú gbé àṣìṣe tirẹ̀ lọ sílé.

Ìgbà tí a kórè ọkà bàbà tán, tí mo wà nílé fún ìsinmi, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rọ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé dáadáa, wọn ilẹ̀, ó ri pẹ́ẹ̀gì, ó wá bá mi pé igi kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn tí ibòòji rẹ̀ á máa bo sólà láti ọ̀sán lọ, nítorí náà wọ́n máa gé e. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun fẹ́ gbá ilẹ̀.

Nígbà tí agégi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ìyá mi ti gbé àpótí rẹ̀ sídìí igi, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó ń pa kóró òrí tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá. Kò pariwo, kò ṣépè. Ará Ìpàpó ni agégi náà. Ó wo ìyá mi, ó wo igi, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sẹ́yìn alùpùpù.

"Ẹ bá onígi sọ̀rọ̀ ná," ó wí fún ẹlẹ́rọ. "Èmi ò gé igi mọ́ onígi lórí."

Ẹlẹ́rọ ní Mọ́gàjí ti fún àwọn nílẹ̀. Mọ́gàjí ní ilẹ̀ lòun fún wọn, òun ò mọ̀ nípa igi, igi ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹlẹ́rọ yí ojú sí mi bí ẹni tí wọ́n tà ní ilé tí wọ́n yọ òrùlé rẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé. Mo tún sọ fún un pé àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn abúlé, níbi táwọn obìnrin ti ń sá èlùbọ́, kò sí igi, kò sí koríko, oòrùn ibẹ̀ lè yan ẹja. Kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀.

Ó ní kò ṣeé ṣe. Àwòrán ilẹ̀ ti dé òkè òkun, àwọn tó ń fún wọn lówó ti buwọ́ lù ú. Bí a bá yí i padà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò sì dájú pé iná náà á wá mọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn olóore, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́.

Mo bi í bóyá kò rí ohun tó jọni lójú nínú kí ẹni tó wá kọ́ wa pé ká má gé igi máa bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun gé igi. Kò bínú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ìlà kan hàn mí tó ń lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kábọ́ọ̀nù wa nìyẹn, ó ní, bó ṣe máa dín kù tí iná bá dé. Igi kan péré ò lè yí i padà. Ìlà tó rẹwà ni, n ò lè purọ́. Ìyá mi náà bẹjú wò ó láti orí àpótí rẹ̀.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ọmọ mi," ó sọ fún un, ó sì gbé kóró mìíràn sórí òkúta.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyá mi di ọ̀tá ìmọ́lẹ̀. Obìnrin tó ti fi òrí ra gbogbo wọn lára nígbà tí wọn ò tí ì lè jókòó, òun ni wọ́n ń yọ ṣùtì sí nídìí pọ́ǹpù omi. "Ìyá Tíṣà fẹ́ ká jókòó sókùnkùn nítorí òrí." Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù lọ sí Ìpàpó lójoojúmọ́ láti gba iná sí fóònù ní ó yẹ kí ìjọba dá sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́mọ́ọ̀mù wàásù lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìhà àwọn obìnrin nìkan ló kọjú sí, gbogbo mọ́sálásí sì bá a wo ibẹ̀. Ìyá mi ní ìwàásù náà dùn.

Inú bí mi sí gbogbo wọn. Inú bí mi sí Mọ́gàjí tó ń fi ilẹ̀ tọrẹ tí kò sì ní dúró ti onígi. Inú bí mi sí ẹlẹ́rọ tó ń fẹ́ràn igi nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ìyá mi jókòó síbẹ̀ títí wọn á fi gbé páńẹ́lì wọn lọ sórí àpáta. Èmi kọ́ sì ni mò ń fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ẹni tó ń fi eyín dì í mú wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láti ibi ìgbẹ̀bí. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, ó mú òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pa kóró. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ igi rárá.

"Ṣé ọmọ yè?" ìyá mi bi í.

"Ó yè, Màmá."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà yè. Ẹ̀jẹ̀ dà díẹ̀. Mi ò tètè rí ibi tó ti ń wá."

Ìyá mi di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ ètè àbúrò mi ti bó níbi tí irin tọ́ọ̀ṣì ti ń ha á. Lẹ́yìn náà ìyá mi kó kóró tó ti pa sínú igbá, ó gbọn àpò, ó ní kí n lọ pe Mọ́gàjí wá.

"Ọkọ mi," ó sọ fún Mọ́gàjí, "ẹ ní kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sun ún ní èédú. Ẹ fi gbẹ́ odó, ẹ fi la pákó, ẹ fi ṣe bẹ́ǹṣì tí àwọn aboyún á máa jókòó lé. Igi tó ra ọmọ lára kì í ṣe igi tá a fi ń yan ẹran."

Mọ́gàjí gbé ọwọ́ sókè. "Mo fi Àlùkùránì búra, Ìyá Tíṣà, mi ò ní sun ún."

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé e. Òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lásìkò náà. Àwọn oyin ò mọ̀ pé igi ti ṣubú, wọ́n ń fò yí òdòdó náà ká nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi kò jáde síta. Ó ní òun ń ṣa ẹ̀wà.

Sólà dìde. Ó dára, páńẹ́lì dúdú tó ń dán, wáyà tó yí i ká, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kò ṣeé fi ẹnu sọ. Àwọn jíìpù tún dé, wọ́n tún fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Wọ́n kó ọmọ igi wá nínú ọ̀rá dúdú, irú igi kan tí kò sí àgbàlagbà abúlé wa tó mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní ìyẹn á rọ́pò èyí tí a gé. Wọ́n gbé ọ̀kan lé ìyá mi lọ́wọ́, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo rí fọ́tò náà lórí kàlẹ́ńdà wọn ní Ìsẹ́yìn. Ìyá tó ń dáàbò bo igi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ igi wọ̀nyẹn kò rí ọdún náà. Nítorí pé wáyà ti wà lórí òpó, wọ́n ní ká má so ewúrẹ́ mọ́ ọn mọ́. Ewúrẹ́ tí a kò so ló jẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n iná tàn. Ẹni tó bá dàgbà sábẹ́ òpó òfìfo nìkan ló lè mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo abúlé hó yèè, àwọn arúgbó ń ki ara wọn kú ewu, ọmọdé ń sáré láti ìdí gílóòbù kan dé òmíràn. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo rí àbúrò mi lábẹ́ iná, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ fún aboyún kan bí ènìyàn gbogbo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọpẹ́ ni mo fi sunkún, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ẹ̀gàn nínú ìyẹn.

Àwọn olóore kò fi mọ síbẹ̀. Kí èéfín ìyá mi lè dín kù, wọ́n fún un ní ààrò ìgbàlódé, kékeré, ó ń dán, a kì í fi igi dáná sínú rẹ̀. Èédú ló ń jẹ. Ìyá mi tí kò fi èédú sebẹ̀ rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ ṣùkù àgbàdo tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ló ń fi dáná, òun ni wọ́n fi ààrò èédú gbà là. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Adìyẹ rẹ̀ kan ń yé sínú ààrò náà.

Ọjọ́ kan tí mo wà nílé, ọmọ Mọ́gàjí, àgbàlagbà ọkùnrin tó ti níyàwó, gbé àpò kan wá lórí alùpùpù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé e síwájú ìyá mi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá lo igi onígi gbọ́dọ̀ mú ìpín onígi wá. Wọn ò gbàgbé àṣà.

"Màmá, ìpín yín rèé."

Ìyá mi tú ẹnu àpò. Ó mú èédú kan, ó gbé e sí imú.

"Igi wo ni?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ikán ti fẹ́ máa jẹ ẹ́ ni. Àwọn oníbàárà sì ti Ṣakí dé."

Mo gba ilé Mọ́gàjí lọ, orí mi gbóná. Ó ní kí n jókòó. Ó ní òun búra pé òun ò ní sun ún, òun ò sì sun ún. Àwọn ọmọ òun ló sun ún. Ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn òun. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ń ro ibi tí ìyókù igi náà á ti wà, bóyá ó ti kọjá omi, bóyá ẹnì kan lára àwọn tó buwọ́ lu àwòrán ilẹ̀ yẹn ti ń fi èédú igi ìyá mi yan ẹran rẹ̀, tó ń dúpẹ́ pé abúlé kan ní Òkè-Ògùn ti bọ́ lọ́wọ́ èéfín.

Mo ní kí n gbé àpò náà dànù. Ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ló wà, kò fi dáná rí.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, tí èso òrí máa ń já bọ́, mo wà nílé fún ìsinmi. Mo rí ìyá mi lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó gbé agbọ̀n, ó ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ó dúró níbi wáyà tó yí sólà ká, ẹ̀ṣọ́ ní, "Màmá, wọn ò gba ènìyàn láyè níbí o." Ìyá mi ní òun mọ̀. Ó gbé agbọ̀n náà padà wálé, ó da aṣọ tó fẹ́ fọ̀ sínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó ọmọ Mọ́gàjí bímọ, ìyàwó ẹni tó gbé àpò èédú wá. Mọ̀gàríbì la ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán nígbà tí wọ́n wá pe ìyá mi. Mo bi í bóyá yóò lọ. Ó bojú wò mí bí ẹni tó gbọ́ ìsọkúsọ. Ó gbé ìkòkò òrí rẹ̀ sábẹ́ aṣọ, èmi náà tẹ̀ lé e.

Ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀ rekete. Àbúrò mi ti wẹ ọmọ náà tán, ọkùnrin ni, ó ń han gooro. Mọ́gàjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ayọ̀ kún inú rẹ̀, ojú sì tún ń tì í. Ìyá mi gbé ọmọ lé itan. Ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó fi ìka ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, ó kó ìwọ̀nba tó rí jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ra ọmọ náà ní àtàrí, ó fi ra àyà rẹ̀. Kò dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," Mọ́gàjí wí. "Ẹ ò rí bí iná yìí ṣe mọ́lẹ̀!"

Ìyá mi gbé ìkòkò náà sókè, ó dojú rẹ̀ kọ gílóòbù, ó wo inú rẹ̀ dáadáa.

"Ó mọ́lẹ̀," ó wí. "Mo rí ìsàlẹ̀ ìkòkò."